Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ọmọ tí Kò Gbọ́ Síìn

Bismillāhir-Rahmānir-Rahīm.

Àlàyé lórí sákà ni mo ti múra sílẹ̀ fún oṣù yìí. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, nítorí pé ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ilé-kéwú wa tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, púpọ̀ nínú yín ni ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ kí irú rẹ̀ tó ti ọwọ́ yín ṣẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn Fātiha, Sūratun-Nās ni a sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún ọmọdé. Áàyà mẹ́fà ni ó ní, síìn sì ni gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi parí. Ọmọ yìí kì í pe síìn náà. "Nā" ni yóò pè, yóò sì dákẹ́. Mo tún un ṣe fún un títí ó fi sú mi, "nā" náà ni. Bí mo bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í dáhùn. Bẹ́ẹ̀, bí gbogbo kíláàsì bá ń ké Fātiha pọ̀, ohùn rẹ̀ a máa lọ sókè, a máa lọ sódò pẹ̀lú tiwọn láìṣì. Nítorí náà mo gbà pé etí rẹ̀ mọ́ kedere, oríkunkun ni ó ń ṣe. Mo pè é ní olóríkunkun lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo nà án. Ní ọjọ́ kan mo gbá a ní ìgbátí. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo ti ṣe é rí nínú àwa olùkọ́ kéwú.

Ẹni tí ó là mí lójú ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa kan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí ó ń ràn wá lọ́wọ́ ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Ó dúró títí gbogbo wọn fi lọ tán, ó kúnlẹ̀, ó ní: "Ústáàsì, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ yẹn kì í ya olóríkunkun tí ó bá ń wo ẹnu yín."

Ní ọjọ́ kejì mo pe ọmọ náà sọ́dọ̀. Mo fi wàláà bo ẹnu mi, mo sì ní kí ó máa tún ohun tí mo bá sọ sọ. Mo ní "sọ." Mo ní "fọ." Mo ní "ṣọ." Ọ̀kan náà ni ó pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: "ọ, ọ, ọ," lórí ohùn tí mo fi pè é gan-an. Mo gbé wàláà kúrò lẹ́nu, mo tún un pè. "Fọ" ni ó kọ́kọ́ gbà, nítorí pé eyín òkè tí ó kan ètè ìsàlẹ̀ hàn síta. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbà á. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Etí tí ń gbọ́, tí kò sì gbọ́

Ohun tí ó ń tan wá jẹ ni pé a rò pé ènìyàn méjì péré ni ó wà: ẹni tí ó gbọ́ àti adití. Kò rí bẹ́ẹ̀. Etí lè gbọ́ ìró kan kí ó má gbọ́ èkejì. Ìró fáwẹ́lì, bíi a, ọ, u, nípọn, ó sì lágbára. Ìró s, f, ṣ, t tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, kò sì lágbára. Àìsàn etí púpọ̀ ni ó jẹ́ pé ìró tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni ó kọ́kọ́ ń mú lọ. Nínú èdè wa, ewu yìí ní ìbòjú tirẹ̀: fáwẹ́lì ni ó ru àmì ohùn. Ọmọ tí kò gbọ́ s rárá yóò máa gbọ́ dò, rè, mí wa bí ó ti yẹ. Yóò mọ ìgbà tí a ń bínú, yóò mọ ìgbà tí a ń bèèrè nǹkan, yóò ké sūra pẹ̀lú ìlọsókè-sódò rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ń gbọ́ dùndún láti òkèèrè tí kò mọ ohun tí onílù ń sọ. Ìdí nìyẹn tí ìyá rẹ̀ fi lè bá a gbé fún ọdún méje láìfura. Nínú ilé, ní tòsí, ní ojú kojú, ọmọ náà ń fi ojú àti òye di àlàfo inú ọ̀rọ̀.

Ohun méjì ni ó ń ba eléyìí jẹ́ pátápátá: jíjìnnà àti ariwo. Ní ìdúró mítà kan, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tó nǹkan bí 60 lórí òṣùwọ̀n ìró tí wọ́n ń pè ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì. Níta gbangba, nígbàkúùgbà tí o bá sọ jíjìnnà náà di ìlọ́po méjì, ìró yóò fi nǹkan bí 6 dínkù. Nígbà tí ohùn olùkọ́ bá fi máa dé bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ ti tán fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní ti ariwo, ẹ rántí ilé-kéwú wa fúnra wa: ogójì ọmọ, olúkúlùkù ń ké wàláà tirẹ̀ sókè, nínú yàrá tí kò ní ju páànù àti símẹ́ǹtì lọ. A ti kọ́ iṣẹ́ ìyà fún ọmọ yẹn kí ó tó jókòó.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde nípa ìgbọ́ràn ní 2021, ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 430 ni wọ́n kà pé àìgbọ́ràn wọn tó èyí tí ó nílò ìtọ́jú, mílíọ̀nù 34 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Wọ́n ní nǹkan bí ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún àìgbọ́ràn ọmọdé ni ó ti ibi ohun tí a lè dènà wá. Èéyi, yínrùnyínrùn, ṣẹ̀gẹ̀dẹ̀, etí tí ń ṣọyún tí a ń fi epo gbígbóná ro, abẹ́rẹ́ alágbára tí kò yẹ kí a máa gún láìsí dókítà, ojú ọmọ tuntun tí ó pọ́n bí òféèfèé tí wọ́n ní yóò kúrò fúnra rẹ̀. Kí n sì fi ti àwa olùkọ́ kún un: ìgbátí lè fa awọ ìlù inú etí ya.

"Summun, bukmun"

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn ká, ẹnì kan tí ó dàgbà jù mí lọ nínú kéwú sọ fún mi pé kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé Al-Kùránì fúnra rẹ̀ ti sọ ti adití àti odi tán. Ó ń tọ́ka sí Sūratul-Baqara, áàyà 18 àti 171, àti Sūratul-Anfāl, áàyà 22. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà náà, ṣùgbọ́n àṣìlò gbáà nìyí, mo sì ti gbọ́ ọ lórí mínbárì pẹ̀lú. Àwọn tí áàyà wọ̀nyẹn ń bá wí ni àwọn tí etí orí wọn pé, tí wọ́n gbọ́ òdodo ketekete, tí wọ́n kọ̀ ọ́. Sūratul-Hajj, áàyà 46, là á pé ọkàn inú àyà ni ó ń fọ́jú, kì í ṣe ojú. Kí a wá mú èébú tí Ọlọ́hun fi bá ọlọ́kàn líle wí, kí a fi sọ ọmọ ọdún méje tí iṣan etí rẹ̀ kú, ta ni ó wá di adití níbẹ̀?

Àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí a mú ni ti Ibn Umm Maktūm, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Gbogbo wa ni a mọ apá kan nínú ìtàn rẹ̀: afọ́jú ni, ó wá bá Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé kí ó kọ́ òun nígbà tí Ànábì ń bá àwọn ọlọ́lá Kùráíṣì sọ̀rọ̀, Sūratu ʿAbasa sì sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kejì ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ọkùnrin yìí di ọ̀kan nínú àwọn apèrun Ànábì, pẹ̀lú Bilāl. Báwo ni afọ́jú ṣe ń mọ̀ pé àfẹ̀mọ́júmọ́ ti là? Hádíìsì tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sọ fún wa pé kì í pèrun títí àwọn ènìyàn yóò fi sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́. Wọn kò sọ pé nígbà tí kò ríran kí ó jókòó sílé. Wọn kò sì fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ kí wọ́n wá máa wò ó bí yóò ti ṣe é. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún un, wọ́n sì fi ohun tí ó kù fún un kún un. Ohun tí a lọ bèèrè ní ilé-ìwé ọmọ yìí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lọ

Ọmọ náà wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan. Ó lé ní ọgọ́ta ọmọ nínú kíláàsì náà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí ó kọjú sí títì ni wọ́n sì fi í sí. Ìwé èsì rẹ̀ ń sọ ohun kan náà ní tẹ́ẹ̀mù mẹ́ta: kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́. Èmi àti ìyá rẹ̀ lọ. Alátà ni ìyá náà, ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa lọ́jọ́ ọjà. Ó kúnlẹ̀ fún ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, ó ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́. Ọ̀gá náà fi sùúrù gbọ́ wa, ó sì ní: "Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwé àwọn adití, màmá. A ò ní olùkọ́ irú wọn níbí." Ìyá náà sunkún dé ilé.

Mo bínú sí ọ̀gá náà fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì. Nígbà tí ìbínú lọ tán, mo rí i pé àṣìṣe púpọ̀ wà lọ́dọ̀ tiwa. A kò mú ìwé kankan dání. A ní "ìrànlọ́wọ́," a kò sọ èwo. Ẹni tí ó bá gbọ́ "ìrànlọ́wọ́" ní ilé-ìwé ìjọba, owó ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, kò sì sí owó.

Kí n tó lọ síwájú, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ilé-ìwé àwọn adití. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò lè gba ọ̀rọ̀ rárá, àní pẹ̀lú ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni yóò ti rí èdè. Èdè àfọwọ́sọ sì jẹ́ èdè ní tòótọ́, kì í ṣe ìjúwe odi. Ọjọ́ orí tí a bá sì tètè fi bẹ̀rẹ̀ ni ó ṣe kókó, torí pé ọmọ tí kò ní èdè kankan títí di ọdún méje tàbí mẹ́jọ ń pàdánù ohun tí ó ṣòro láti rí gbà padà. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí yínrùnyínrùn di etí rẹ̀ ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni ó dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Oníwàásù Kírìsìtẹ́nì ni. Mo kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi léèrè: láti ìgbà yẹn, mọ́sálásí mélòó ni a ti ń fọwọ́ túmọ̀ khutubá Jímọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá? Àwọn ọmọ Mùsùlùmí tí ó dití, ta ni ó fi Fātiha hàn wọ́n?

Ní ti ọmọ tiwa, ìbéèrè náà ni pé ṣé ibẹ̀ ni ó yẹ ẹ́. Ìwé àyẹ̀wò nìkan ni ó lè dáhùn.

Ìwé àyẹ̀wò àti ẹ̀rọ

Bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀. Awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni, ó ní àbúrò òun náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀ já gaara. Tírà wà lọ́rùn ọmọ náà tẹ́lẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí tírà lọ́jọ́ náà. Mo kàn rán bàbá náà létí pé Ànábì wa fúnra rẹ̀ pa á láṣẹ pé kí a máa wá ìwòsàn, àdúà kò sì lòdì sí i. Ó fún wa ní owó ọkọ̀.

Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé-ìwòsàn ńlá ni a lọ. Wọ́n kọ́kọ́ wo inú etí bóyá ìdọ̀tí ni ó dí i tàbí oyún, nítorí pé àwọn wọ̀nyẹn lè ní ìtọ́jú kíákíá. Kò sí. Wọ́n mú un wọ yàrá tí ó dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n fi ohun ìgbọ́ràn bo etí rẹ̀, wọ́n ní nígbàkúùgbà tí ó bá gbọ́ "píìn," kí ó ju igi kékeré kan sínú abọ́. Ó gbádùn eré náà. Bébà tí wọ́n fún wa ní àmì òdo pupa fún etí ọ̀tún àti àmì ìsọdá aláró fún ti òsì. Lápá òsì bébà náà, níbi tí ìró tí ó nípọn wà, àmì méjèèjì wà lókè bí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Bí a ṣe ń lọ sápá ọ̀tún, wọ́n ń já bọ́ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Síìn wà ní ìsàlẹ̀ òkè náà. Dókítà béèrè bóyá ojú rẹ̀ pọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí i, ìyá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n tilẹ̀ dá wọn dúró ní ilé-ìwòsàn. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èyí. Kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà mọ́.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wọ́n. Owó èsúsú ìyá àti ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa dá ni a fi ra ọ̀kan. Èkejì dé lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Kí ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í ṣe ojú ìwòye tí ènìyàn kàn fi sójú tí gbogbo nǹkan á mọ́ kedere. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ sókè, ó ń gbé ariwo náà sókè. Àárín mítà kan sí méjì ni ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù. Bátìrì ń tán, ìdì rẹ̀ tí ó ń wọ inú etí sì ń kéré fún ọmọ tí ń dàgbà. Òógùn ń bà á jẹ́.

Ọjọ́ tí a padà lọ

Kí a tó padà lọ, mo ka òfin. Òfin tí ó sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn fún gbogbo ọmọ ní Nàìjíríà ti wà láti 2004. Òfin tí ó kọ ìyàsọ́tọ̀ àwọn tí ó ní àbùkù ara, ti 2018, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, sọ pé ilé-ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ra, kí ó kéré tán ní òṣìṣẹ́ kan tí a kọ́ fún ìtọ́jú ẹ̀kọ́ wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti 2011. Láti 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ kan ti wà ní Ọ̀yọ́ fún kíkọ́ àwọn olùkọ́ àkànṣe. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àjèjì ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n n kò ka òfin fún ọ̀gá náà bí ẹni tí ń ka ẹ̀sùn. Ọmọ náà ni yóò padà sí kíláàsì yẹn láràárọ̀, kì í ṣe èmi.

Lẹ́tà ojú ewé kan ni a kọ, ìyá náà tẹ ìka sí i, a so ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò mọ́ ọn. A bèèrè pé kí ọmọ náà kúrò lẹ́bàá fèrèsé, kí ó jókòó ní bẹ́ǹṣì kejì láti iwájú, kí ó lè rí ẹnu olùkọ́ kí ó sì tún rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Pé kí olùkọ́ má máa sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá kọ ẹ̀yìn sí wọn tí ó ń kọ nǹkan sí pátákó. Pé kí ó kọ iṣẹ́ àṣetiléwá sílẹ̀ dípò kí ó fi ẹnu pè é. Pé bí ọmọ kan bá dáhùn láti ẹ̀yìn, kí olùkọ́ tún un sọ. Pé nígbà àpèkọ, kí ó dúró níwájú rẹ̀, torí pé máàkì tí ó ń pàdánù nínú àpèkọ kì í ṣe ti ìmọ̀. Pé kí a yan ọ̀rẹ́ kan tì í tí yóò máa fi ojú ìwé hàn án. Pé kí ẹnikẹ́ni má gbá a létí. Gbogbo èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí yóò náni lówó, pé kí olùkọ́ àkànṣe máa yà wò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a kọ ọ́ sọ́tọ̀, a sì fi ẹ̀dà ṣọwọ́ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ wa, a jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí i.

Ọ̀gá náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní: "Ààfáà, ṣé gbogbo ohun tí ẹ ń fẹ́ láti ọjọ́ yẹn nìyí?" Olùkọ́ kíláàsì ni kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni òun ní, ṣé ẹnì kan ni òun yóò máa kọ́ ni? Òótọ́ ni ó sọ, n kò sì jiyàn. Mo kàn ní kí a fi ọ̀sẹ̀ méjì dán an wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òun fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ọmọ mìíràn náà ń gbọ́ òun dáadáa sí i láti ìgbà tí òun ti ń kọjú sí wọn. Olùkọ́ àkànṣe kò tíì wá títí di òní. A ti kọ lẹ́tà ìránnilétí méjì. A ó kọ ẹ̀kẹta ní oṣù tí ń bọ̀, in shā' Allāh.

Lọ́dọ̀ tiwa

Ní ilé-kéwú, àwọn nǹkan kan wà tí ilé-ìwé kò lè kọ́ wa. Bí ó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, kí ó yọ ẹ̀rọ, kí ó pa omi sí etí rẹ̀ bí ó ti yẹ, kí ó nù ún gbẹ kí ó tó dá a padà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa yẹn ni ó rí i pé híjáàbù tí ó fún mọ́ etí ń mú kí ẹ̀rọ máa súfèé, ó sì ń bo ọ̀rọ̀; ìyá rẹ̀ rán èyí tí aṣọ rẹ̀ fúyẹ́ tí ó sì tú dáadáa. A ti pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ọ̀wọ́ kan ni ó ń ké sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ojú wọn ni mo ti pè é ní ohun tí mo pè é.

Ó ti kúrò ní Sūratun-Nās. Kí ó tó kúrò níbẹ̀, mo kọ́ ọ pé kí ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sí iwájú ẹnu, pé síìn a máa fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i, "nā" kì í fẹ́. Títí di ìsinsìnyí, bí ó bá ń ké kéwú tí ó sì dé ibi tí síìn wà, ẹ ó rí i tí yóò gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀, yóò dúró kí afẹ́fẹ́ náà kàn án, kí ó tó máa bá a lọ.